Òróró Lójú Táyà

Láti ìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́ ni alùpùpù Corinne ti ń sùn nínú abà ìyá ìyá rẹ̀, aṣọ ìbora àtijọ́ kan bò ó látòkè délẹ̀. Bí Rollande, ìyá àgbà yìí, bá lọ kó igi ìdáná nínú abà náà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń gbà, á rọra máa tẹ ilẹ̀ kí ó má baà jí nǹkan ọ̀hún. Nígbà mìíràn, tí afẹ́fẹ́ odò bá wọlé tó sì gbé etí aṣọ náà díẹ̀, obìnrin yìí á dúró pẹ̀lú igi láyà, á máa wò ó sùn-ùn. Ó dá a lójú pé ó ń mí.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni Rollande. Òun ló tọ́ Corinne dàgbà láti ọmọ ọdún mẹ́fà, nígbà tí ìyá ọmọ náà bá iṣẹ́ lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, tí kò padà wá mọ́ àfi nínú káàdì Kérésìmesì. Gbogbo ìlú Sainte-Ludivine ló mọ̀ pé bí Corinne bá sín lójú ọ̀nà, Rollande á ti gbé omi ọbẹ̀ kaná nílé. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ alùpùpù náà fi dùn ún dé egungun. Ọmọ náà ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó kàn gùn ún wọlé lọ́jọ́ kan nígbà tí ewé igi ń pọ́n, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Rollande kò kí i kú oríire. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, níbi tí àwọn àgbà ti ń ta káàdì ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé ọ̀bẹ ni òun máa fi gún táyà méjèèjì, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí ó tó dé ilé, Corinne ti gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ọmọ náà kò fi fẹnu kan oúnjẹ nílé. Nígbà tó yá, wọ́n tún jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan náà, wọ́n jọ ń bu ọbẹ̀ látinú ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alùpùpù ti di èèwọ̀ nínú ilé. Àwọn méjèèjì ló lórí kunkun. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́ èkejì.

Báyìí ni òtútù ṣe kọjá lọ, tí yìnyín ń yọ́, tí omi sì ń kán láti orí gbogbo òrùlé tọ̀sán tòru. Ọjọ́ Ìbùkún wá ń súnmọ́lé. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù karùn-ún, gbogbo ẹni tó ní alùpùpù ní etí odò Saint-Laurent, láti ìlú mẹ́fà tàbí méje, a máa wá to nǹkan wọn sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Sainte-Ludivine kí Fàdá lè wọ́n omi ìbùkún sí wọn. Ẹ́ńjìnnì kankan kò gbọdọ̀ dún kí omi náà tó kàn án. Ṣe ni wọ́n máa ń tì wọ́n wọ àgbàlá bí ẹní fa màlúù wọ ọjà. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á tan án lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè Lavoie. Òkè yẹn ga, ó yọ̀, ó sì ṣẹ́ kọ́nà lójijì ní ìsàlẹ̀ bí ìgúnpá, tí kò sí nǹkan láàárín ènìyàn àti odò àfi irin kékeré kan. Corinne á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni Rollande ń tọrọ láyé, kí ọmọ òun yí kọ́nà yẹn kó sì dé ìsàlẹ̀ láàyè.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú, Ovila wá. Ovila ni fọkanáísà ìlú náà láti àádọ́ta ọdún, òun àti Rollande jọ lọ ilé ìwé, ó ti fẹ̀yìn tì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn tì. Fẹ́sípà pupa kékeré kan ló gùn dé, garawa kọ́ ọ lápá. Corinne ló pè é. Rollande gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná, ó fara dà á fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wá bu kọfí sí ife méjì kó lè rí ìdí tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà abà.

Wọ́n ti ṣí aṣọ lára rẹ̀. Wọ́n gbé e sórí ìdúró onírin méjì, táyà iwájú àti tẹ̀yìn kò kan ilẹ̀.

"Ṣé kí n tanná sí i kí ẹ́ńjìnnì máa yí i fún wa?" Corinne bi í.

"Kọ́kọ́ wo nǹkan." Ovila na ọwọ́ òsì rẹ̀; ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ kò ní orí. "Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí ẹ. Ẹ́ńjìnnì ń yí táyà, èmi ń fi àkísà nù ún, mo ń kọrin. Ṣéènì gba àkísà lọ́wọ́ mi, ó sì gba owó orí rẹ̀."

"Ó mà dùn yín o."

"Mi ò kọ orin yẹn mọ́. Pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó tutù, kó o fi ọwọ́ ara ẹ yí i."

"Jean-Guy níbi iṣẹ́ ní epo bẹntiróò lòun fi ń fọ tòun."

"Jean-Guy á fọ rọ́bà tán, á wá máa gun irin lọ síbi iṣẹ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta nǹkan míì fún ẹ."

Rollande dúró sẹ́nu ọ̀nà, èéfín kọfí ń yọ lójú rẹ̀. Ó dùn ún wò, kò fẹ́ kí ó dùn ún wò. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń fi igi ṣóńṣó yọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú ìlà ojú táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ìṣó, ó ń fi ọwọ́ kan rọ́bà bóyá ó ti sán. Omi ọṣẹ ń ṣàn lọ sójú ilẹ̀ abà, ó gbé ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́. Bí ó ṣe máa ń fọ ẹsẹ̀ bèbí rẹ̀ nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré.

"Mú ọwọ́ ẹ wá," Ovila wí. Ó mú àtẹ́lẹ́wọ́ Corinne, ó tẹ́ ẹ sójú táyà. "Wò ó dáadáa. Ibi tó ń kan títì kò jù báyìí lọ. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ìwọ, máṣíìnì, gbogbo ẹ̀wà àti páì tí Rollande ti fi bọ́ ẹ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, orí ibi méjì yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ̀mí ẹ ló wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rollande lára. Ó wo àtẹ́lẹ́wọ́ ọmọ náà lórí rọ́bà dúdú, ọkàn rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ìgbà náà ni òórùn páì ṣúgà tó wà nínú ààrò kàn án nímú, ó ti fẹ́ jó. Ó gbé kọfí sórí pákó, ó sáré wọlé. Gbólóhùn tí Ovila sọ tẹ̀ lé e, pé òróró kankan kò gbọdọ̀ kan ibi méjì yẹn láé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sọ ọ́.

Nínú ilé Rollande, kò sí àìsàn tí òróró Jósẹ́fù Mímọ́ kò tíì bá jà. Inú ìgo kékeré ni wọ́n máa ń rà á láti ilé àdúrà ńlá orí òkè ní ìgboro. Ó ti fi pa orúnkún Corinne, ó ti fi pa àyà Lionel ọkọ rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi lọ, ó sì ti fi pa ọmú màlúù tó wú, màlúù náà sì san ju ọkọ lọ. Ibi tó bá ń dunni tàbí tó léwu ni wọ́n ń fi í sí. Ìgo kan péré ló kù. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà, pẹ̀lú aṣọ funfun tí Rollande fẹ́ kí wọ́n wọ̀ fún òun lọ́jọ́ tí òun bá kú. Ó ti sọ fún Corinne tipẹ́ pé ìgo yẹn, tòun ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, ó lá àlá. Ó rí Corinne tó ń lọ lójú odò. Alùpùpù kò sí lábẹ́ rẹ̀. Orí àtẹ́lẹ́wọ́ méjì ló jókòó sí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì rọra ń gbé e lọ lórí omi, irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kò sí ariwo kankan. Rollande wo àtẹ́lẹ́wọ́ náà dáadáa, ó rí i pé tòun ni. Wọ́n gbẹ, wọ́n ti sán bí ọwọ́ ẹni tó fọ aṣọ nínú òtútù, gbogbo ibi tí wọ́n ti sán sì ń dùn ún.

Ó jí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ìkùukùu ti gòkè láti odò, ó ti dé ojú fèrèsé, kò sí ìlú mọ́, kò sí ọgbà mọ́, ilé rẹ̀ nìkan ló léfòó. Kò ronú rárá. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ìgo náà, ó wọ bàtà rọ́bà lórí aṣọ ìsùn, ó gba inú funfun yẹn kọjá lọ sí abà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà, ojú rẹ̀ kò rí i.

Alùpùpù náà ṣì wà lórí ìdúró rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kọkànlá, Rollande kò gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó da òróró sí àtẹ́lẹ́wọ́, ó fi pa ojú táyà iwájú. Ó ń fi ọwọ́ kan yí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe rí Ovila tó yí i, ó ń fi èkejì pa á, kò fo ibì kankan, ó ti ìka bọ inú gbogbo ìlà. Nígbà tó dé ti ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń bá màlúù sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Mo ti bú yín jù. Mo ní màá fi ọ̀bẹ gún yín, mo mọ̀. Ẹ bá mi gbé e yí kọ́nà yẹn ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e dé ìsàlẹ̀, mi ò tún ní bú yín mọ́ láé."

Bẹ́ẹ̀ ni o, ó ń fi ọ̀wọ̀ bá táyà sọ̀rọ̀. Ó da ìgo náà tán, títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn, kò rántí ikú ara rẹ̀ rárá. Ó fi etí aṣọ nu èyí tó ń kán sílẹ̀, ó padà sílé, ó sì sùn títí aago ṣọ́ọ̀ṣì fi lù. Ó ti pẹ́ tí oorun ti dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ìkùukùu yẹn ti mú gbogbo nǹkan tutù, irin, koríko, rọ́bà. Nígbà tí Corinne wọ ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ tó sì ti alùpùpù náà jáde láti abà, ta ni ì bá mọ òróró yàtọ̀ sí ìrì? Ó tì í kọjá títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò ju ogójì ẹsẹ̀ bàtà lọ. Rollande dúró lójú fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá lọ wọ aṣọ.

Lẹ́yìn Máàsì, alùpùpù tó lé ní ọgọ́ta wà ní àgbàlá, ńlá àti kékeré, fẹ́sípà àti èyí tó ga bí ẹṣin, gbogbo wọn dákẹ́. Oòrùn ti ń fa ìkùukùu sókè. Wọ́n gbé àga fún Rollande lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, Ovila sì ń lọ láàárín àwọn ènìyàn pẹ̀lú garawa rẹ̀ àti ohun ìwọn afẹ́fẹ́ táyà, ó ń tẹ èyí, ó ń wo tọ̀hún, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Corinne wà ní ìlà kejì. Ó rí ìyá àgbà rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ sí i díẹ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí ewé ti já. Inú Rollande dùn débi pé ó ní láti wo ilẹ̀.

Nítòsí àga rẹ̀, Ovila dúró ti alùpùpù ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, Gaétan. Táyà rẹ̀ ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó.

"Gaétan, kí lo fi pa nǹkan yìí?"

"Òróró ìdán táyà ni. Wo bó ṣe rí."

"Mo ti wò ó, mo rí ojú ara mi níbẹ̀, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ṣé ẹ̀gbẹ́ nìkan lo fi pa àbí ojú ẹ̀ náà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mo fi pa."

"Kú iṣẹ́. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ Òkè Lavoie lónìí, ìdí ẹ lo sì máa fi dé ibẹ̀." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ovila gbé garawa sílẹ̀. "Ohunkóhun tó bá ti jẹ́ òróró, ì báà jẹ́ ti ìgo, ì báà jẹ́ èyí tí ìyàwó ẹ ń dà sórí ewé jẹ, tó bá ti kan ojú táyà, orí ọṣẹ lo jókòó sí yẹn. O lè má mọ̀ lójú ọ̀nà tó lọ tààrà. Jẹ́ kó o dé kọ́nà kó o tẹ̀ díẹ̀ báyìí, o ti lọ nìyẹn. Bọ́ sílẹ̀, jẹ́ ká fọ ọ́."

Rollande gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Oòrùn ṣì wà, àwọn ènìyàn ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti jìnnà.

"Ovila," ó wí. "Tó bá jẹ́ òróró àdúrà ńkọ́?"

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń dá àpárá, ó kúkú máa ń dá a. Ovila nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Kí lo ṣe?"

"Mo fi pa á. Méjèèjì. Ìwọ lo sọ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà níbẹ̀."

Ovila di ojú, ó tún là á. Fàdá ti wà ní ìlà kìíní, ó ń wọ́n omi, ó ń kùn lábẹ́ ètè. "Ó dáa," Ovila rọra wí. "Jókòó síbí. Màá lọ sọ fún un pé mo rí epo tó jò sára táyà rẹ̀, ká lọ fọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rẹ́ gidi ni. Rollande sì fẹ́ gbà. Ẹnu rẹ̀ ti yà láti sọ pé o ṣeun. Ọ̀bẹ tó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ní gbọ̀ngàn ló rántí. Bí Corinne bá gbọ́ pé òun fi òróró pa táyà, yóò sọ pé ìyá àgbà ti ṣe ohun tó ṣèlérí. Gbogbo ìlú á sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Ovila bá lọ pa irọ́ yẹn, Corinne mọ máṣíìnì rẹ̀, kò sí nǹkan tó ń jò lára rẹ̀, yóò jiyàn, ẹ́ńjìnnì á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Rárá," ó wí. "Tí mo bá fi pamọ́ fún un, ọ̀bẹ gan-an nìyẹn."

Ó dìde. Àgbàlá náà kò tóbi, síbẹ̀ ó rí lójú rẹ̀ bíi pé ó ń gùn sí i bó ti ń rìn. Fàdá ti kúrò ní ìlà kejì. Omi ṣì ń dán lára akoto tí Corinne dé sórí. Nígbà tó dé àárín, Fàdá gbé ọwọ́ sókè, ọgọ́ta ẹ́ńjìnnì sì bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ̀, èéfín búlúù gòkè bo àwọn ènìyàn. Kò dúró. Ó lọ dúró síwájú táyà ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin iwájú alùpùpù náà mú.

Corinne ṣí ìbòjú akoto. "Ìyá àgbà, ẹ kúrò lọ́nà."

"Pa á."

"Kí ló dé?"

"Pa á ná."

Corinne pa á. Ìlà kìíní ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tẹ fèrè.

"Mo fi òróró pa táyà rẹ," Rollande wí. "Iwájú àti ẹ̀yìn. Láàárọ̀ yìí, o ṣì ń sùn."

Ọmọ náà bọ́ akoto kúrò lórí. Ojú rẹ̀ ti funfun. "Ọ̀bẹ lẹ sọ nígbà yẹn."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Ẹ wá rí i pé ọ̀bẹ á hàn jù."

"Òróró Jósẹ́fù Mímọ́ ni. Mo rò pé..." Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì jọ irọ́ létí òun fúnra rẹ̀. Ó pa á tì. "Corinne, gba ohun tó bá wù ẹ́ gbọ́ nípa mi. Má kàn sọ̀ kalẹ̀ ní òkè yẹn."

Gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló gbọ́. Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu. Corinne bọ́ sílẹ̀, ó ti alùpùpù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ. Ìlà wọn gùn, ìró wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó yí kọ́nà, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, títí ó fi dà pọ̀ mọ́ odò. Àgbàlá ṣófo. Omijé ń bọ́ lójú ọmọ náà, kò nù ún.

Ovila gbé ìdúró onírin méjì wá láti abà. Ó bu omi gbígbóná nínú ilé Fàdá, ó da ọṣẹ sí i, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Rollande gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lórí òkúta.

"Dìde, orúnkún ẹ," Ovila wí.

"Orúnkún mi kọ́ ló ṣe é."

Ó fọ. Ovila ń fi ọwọ́ yí táyà, Rollande ń fọ ọ́, inú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́, ibi tí rọ́bà ti pàdé irin. Omi náà ń jáde pẹ̀lú ìfófòó tó ní àwọ̀ wúrà díẹ̀, ó ń ṣàn lọ sínú koríko. Ovila fi àkísà tó mọ́ nu irin búréèkì, ó yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn, ó tún nù ún. Wọ́n da omi náà nù, wọ́n bu òmíràn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, Corinne yí padà. Ó wá dúró ti ìyá àgbà rẹ̀.

"Ìgo wo lẹ lò?"

"Ìyẹn tó wà nínú dúrọ́ọ̀."

"Tinú aṣọ funfun?"

"Òun náà."

"Mélòó ló kù nínú ẹ̀?"

"Kò kù."

Corinne kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì táyà náà, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tó mọ́ ṣan án. Ọwọ́ wọn ń pàdé lójú rọ́bà, wọ́n ń yẹra fún ara wọn. Báyìí ni wọ́n fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Aago méjìlá lù lókè orí wọn, ẹyẹ funfun odò ń yí po lójú ọ̀run, oòrùn sì gbẹ táyà náà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di aláwọ̀ eérú, láìdán rárá. Ovila fa áńkáṣífì funfun yọ lápò, ó fi nu ojú táyà iwájú yíká, ó nu ti ẹ̀yìn. Áńkáṣífì náà funfun síbẹ̀.

"Ó ti mọ́," Ovila wí. "Bí a bá tiẹ̀ fọ ọ́ tán báyìí, má sáré. Má gba orí òkè lónìí. Gba ọ̀nà etí odò tó lọ tààrà, rọra lọ, rọra máa tẹ búréèkì, kí rọ́bà tún mọ títì. Tó bá di ọ̀la, lọ síbi tó bá wù ẹ́."

Corinne wo ọ̀nà. Ó wo táyà. Àwọn méjèèjì rí i pé ó ń bẹ̀rù, kò sì fẹ́ sọ ọ́.

Rollande dìde pẹ̀lú ìrora. Ó lọ síbi fẹ́sípà Ovila, ó mú akoto tó so kọ́ ọ, ó dé e mọ́ orí irun rẹ̀ tó dì fún Máàsì. Ó tóbi jù fún un.

"Kí lẹ ń ṣe?" Corinne bi í.

"Mo ń bá ẹ lọ."

"Ẹ̀yin? Ẹ ò tiẹ̀ lè wò ó lójú nínú abà."

"Mi ò lè wò ó lóòótọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí báyìí náà." Ó ń wá bí wọ́n ṣe ń de okùn akoto. "Ovila ní ó ti mọ́. Èmi ni mo fi òróró sí i. Tí nǹkan kan bá kù lára rẹ̀, ìwọ nìkan kọ́ ló máa gbé."

Ovila wá bá a so okùn náà mọ́ abẹ́ àgbọ̀n, ó fà á kó lè le. Kò dá àpárá kankan. Corinne dúró pẹ́ kó tó jókòó, ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ irin tí ìyá àgbà máa gbé ẹsẹ̀ lé wálẹ̀ fún un.

Wọ́n jáde. Wọn kò yára ju ẹni tó ń rìn lọ. Ajá àwọn ará Gagnon bá wọn rìn díẹ̀, ó sú u, ó sá síwájú wọn. Odò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fẹ̀, ó dákẹ́, ìkùukùu tó kù ń fà lọ lójú rẹ̀, ìró ẹ́ńjìnnì náà sì wà nínú egungun àyà Rollande, ó rẹlẹ̀ bí ìgbà tí ológbò bá ń sùn síni láyà. Ó ti di ojú. Ó kó ọwọ́ méjèèjì mọ́ ikùn ọmọ rẹ̀, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Corinne tẹ búréèkì díẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà mú títì. Kò bá a sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kó bá a sọ̀rọ̀, Rollande mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbà á, bí gbogbo ọdún yòókù bá tiẹ̀ rí báyìí.

Níwájú, ọ̀nà fẹ́ yí sí òsì díẹ̀. Corinne yọ ọwọ́ kan kúrò lórí irin, ó fi wá ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ níkùn ara rẹ̀, ó rí wọn, ó fi ọ̀kan kọ́ èkejì, ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ra kó le.

"Ẹ dì mí mú dáadáa, Ìyá àgbà," ó wí. "A fẹ́ yà."

Rollande dì í mú, ó sì la ojú.